Níbo Ni Kí Á Ti Ra Ọ̀bẹ Wa?

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé a jókòó láti kọ̀wé lórí ọ̀bẹ kékeré, irú èyí tí à ń ká ojú rẹ̀ sínú èèkù tí a sì ń fi sínú àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́. Òun ni a fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù àwọn ọmọ kéékèèké. Òun ni a fi ń la ìko fún apẹ̀rẹ̀ híhun. Òun ni a fi ń gé páálí, tí a sì fi ń ṣá igi wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ọ̀bẹ tí ó mú, iṣẹ́ ọwọ́ kò lè lọ déédéé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti di àríyànjiyàn láàárín wa ní sáà yìí. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti dá owó jọ láti ra ọ̀bẹ mìíràn. Àwọn kan nínú wa ní kí á rán ènìyàn lọ sí ìlú ńlá, sí ilé ìtajà ńlá elẹ́ka púpọ̀ tí ń ta ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn ní kí á mú owó náà lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta irin iṣẹ́ ní ọjà Ọ̀wọ́dé, níhìn-ín ní Ọ̀fà. Apá kejì ni àwa wà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé, ní ọdún tí ó kọjá, àwa gan-an ni a kígbe jù pé kí á lọ sí ìlú ńlá. Ẹni tí ọ̀nà ti ṣì rí ni ó yẹ kí ó júwe ọ̀nà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ojú wa rí. Ogún ọ̀bẹ ni a rà. Wọ́n ń dán bí dígí, èèkù wọn pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà nínú páálí tí a fi ọ̀rá dì pa, débi pé a kò lè ṣí ojú ọ̀kan wò kí á tó san owó. Iye owó wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti Ọ̀wọ́dé. Inú wa dùn, a sì fi àwọn tí kò fọwọ́ sí i ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, oríkèé ọ̀bẹ méjì ti yẹ̀, nítorí pé ìṣó tí ó so ojú ọ̀bẹ mọ́ èèkù kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ti àwọn mìíràn, irin ojú wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹ̀ bí a bá fi la ìko. Bí a bá pọ́n ọn ní òwúrọ̀, yóò ti kú ní ọ̀sán.

Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí a jáde lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà ká lójijì mọ́ ìka ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ̀jẹ̀ dà. Ọgbẹ́ náà ti jinná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà wá bá wa ní ọjọ́ kejì. Kò pariwo, kò sì bú wa. Ó mú ọ̀bẹ náà lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ta ọ̀bẹ yìí fún yín?” A kò rí èsì fún un. A mọ orúkọ ilé ìtajà náà, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹnì kan níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó mọ̀ wá. Nígbà tí a kó àwọn tí ó bàjẹ́ padà lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní ìdí owó sọ fún wa pé ọjọ́ méje péré ni a fi lè dá ọjà padà, àti pé a gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì wá. A kò bínú sí i. Ọmọ iṣẹ́ ni. Òfin tí a fún un ni ó ń pa mọ́.

Ní àkókò kan náà, mẹ́rin nínú wa ti ra ọ̀bẹ tiwọn ní Ọ̀wọ́dé. Bàbá onísọ̀ ṣí mẹ́fà lójú wọn, ó mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ méjì sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ fi ìwọ̀nyí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, oríkèé wọn kò dúró.” Nígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀ sí mì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bàbá náà júwe ilé alágbẹ̀dẹ kan fún ẹni tí ó ni ín. Alágbẹ̀dẹ yọ ìṣó àtijọ́, ó fi òmíràn sí i, ó fi ọmọ owú tẹ orí rẹ̀ pẹ̀tẹ́, iṣẹ́ sì parí kí omi tí a gbé kaná tó hó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ṣì ń lò títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò, nítorí pé olùkọ́ ni a fẹ́ jẹ́. Bí a bá pe iye owó ọ̀bẹ kan ní Ọ̀wọ́dé ní ìdá 4, ti ìlú ńlá jẹ́ ìdá 3. Ogún ọ̀bẹ ní ìdá 3 jẹ́ ìdá 60. Ní ìparí ọdún, 7 péré ni ó kù tí a lè lò. Pín 60 sí ọ̀nà 7: ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ó kù ti ná wa ní ohun tí ó ju ìdá 8 lọ, ìyẹn ni ìlọ́po méjì iye tí à bá san ní ọjà wa, a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. A mọ̀ pé ọ̀bẹ mẹ́rin kéré jù láti fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí fi hàn wá pé iye tí a kọ sí ara páálí kọ́ ni iye ọ̀bẹ. Iye ọ̀bẹ ni gbogbo owó tí a ná lé e lórí, tí a bá pín in sí iye ọjọ́ tí ó fi ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó wà ní apá kìíní ní ọ̀rọ̀ láti sọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn.

Èkíní, wọ́n ní ní ilé ìtajà ńlá, iye kan ni fún olówó àti tálákà, fún àgbà àti ọmọdé. Kò sí ìnájà, kò sí pé a rí àlejò kí a bù lé owó. Òtítọ́ ni èyí. Púpọ̀ nínú wa ni a ti rẹ́ jẹ ní ọjà nítorí pé a wọ aṣọ kọ́lẹ́jì.

Èkejì, wọ́n ní ibì kan náà ni ọ̀bẹ Ọ̀wọ́dé àti ọ̀bẹ ìlú ńlá ti ń wá. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ọ̀bẹ kíká tí à ń rí lónìí ti Ṣáínà wá, níbi tí ìlú Yangjiang ti lókìkí fún ọ̀bẹ ṣíṣe. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ó ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni ọjà méjèèjì gbà wá, a jẹ́ pé ẹni tí ó dúró láàárín wa àti ọjà ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ẹni tí ń ta ọ̀bẹ nínú ọ̀rá kò mọ èyí tí oríkèé rẹ̀ kò dúró. Bàbá onísọ̀ mọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó gbé e padà sí, ọ̀nà kan náà ni òun àti àwa sì jọ ń rìn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ẹni tí ó bá lówó kékeré kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó ra èyí tí ó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí pé àwa náà kò lówó. Ṣùgbọ́n àwa rò pé tálákà ni kò lè fara da ọ̀bẹ tí kò pẹ́. Olówó lè ra òmíràn ní ọ̀la. Àwa yóò dúró di sáà tí ń bọ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà kan rí, àwọn baba wa ń yọ irin láti inú ilẹ̀ fúnra wọn. Òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn ní 1904 nípa ilé ìyọrin kan tí ó rí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí wọ́n ti ń kó òkúta irin àti èédú sínú ìléru amọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ọ̀nà rẹ̀ tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá dé Jẹ́bà ní 1909. Ó mú ìbùkún púpọ̀ wá fún ìlú wa, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sọ pé kí ó má ti dé. Ṣùgbọ́n ìṣó, àdá àti ọ̀bẹ òkèèrè bá a wá ní owó pọ́ọ́kú, iná àwọn ilé ìyọrin sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Alágbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú wọn, nítorí pé ó yí ọwọ́ padà: ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ irin òkèèrè, àti lónìí, sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni ó fi ń rọ àdá àti ọkọ́ tí ń bọ́ wa.

Ẹ wo àwọn ilé ìtajà ńlá pẹ̀lú. Ilé ìtajà Kingsway, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ oníṣòwò U.A.C., lókìkí ní Èkó àti ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún; ní àwọn ọdún 1990 ni ó kógbá sílé. Shoprite ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ṣí ìlẹ̀kùn ní Èkó ní 2005, ó sì tan ẹ̀ka dé àwọn ìlú mìíràn. Ní 2020 àwọn tí ó ni ín kéde pé àwọn fẹ́ fi Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn ní 2021. A kò dá wọn lẹ́bi. Oníṣòwò a máa lọ níbi tí èrè bá wà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ Ọ̀fà kò lè tà wá kí ó sì lọ. Ilé rẹ̀ wà níhìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ni àwa yóò kọ́ ní ìwé ní ọ̀la.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìlú kékeré kò lè bá ilé iṣẹ́ ńlá dù ú, kí ó gbọ́ ìtàn Karl Elsener ti ilẹ̀ Swítsàlandì, tí ó ṣí ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kékeré kan ní Ibach ní 1884. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ra ọ̀bẹ kíká fún àwọn ọmọ ogun, ìlú Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rà á, nítorí pé kò sí ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wọn tí ó lè ṣe púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Elsener kó àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ jọ, ní 1891 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pèsè ọ̀bẹ náà fúnra wọn. Ti Solingen ṣì pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì í. Kò sọkún kiri pé kí a ra tòun nítorí pé ọmọ ìlú ni òun. Ó tún ọ̀bẹ náà rò, ó mú un fúyẹ́, ó fi irin iṣẹ́ kún un, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1897. Ọ̀bẹ náà ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí pẹ̀lú àgbélébùú funfun lára èèkù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jẹ́ méjì: kí ará ìlú fi owó ti oníṣẹ́ ìlú lẹ́yìn, kí oníṣẹ́ ìlú sì ṣe ohun tí ó yẹ fún owó náà.

Ìtàn kan sì wà nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 13, tí gbogbo wa ti kà, ṣùgbọ́n tí a kì í dúró rò. Kò sí alágbẹ̀dẹ ní gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì nígbà náà. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ pọ́n àáké tàbí irin oko rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Fílístínì ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, owó ni ó sì ń san. Nígbà tí ọjọ́ ogun dé, ọba àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó ní idà. Àwa kò ń wá ogun. Ṣùgbọ́n a rí i níbẹ̀ pé ìlú tí kò ní ẹni tí yóò pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí a kò bá gbé iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ, kò ní rí ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹwìrì bá sì dákẹ́, a kò lè fi owó pọ́ọ́kú rà á padà. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn onísọ̀ wa ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan ń ta ọ̀bẹ tí a tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ olókìkí sí lára, tí wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn kan ń fi òróró nu èyí tí ó ti dógùn-ún, kí ó lè dà bí tuntun. Alágbẹ̀dẹ mìíràn yóò sọ pé ọ̀la, ọ̀la náà yóò sì di oṣù kan. Bí wọn kò bá yí padà, kí wọ́n má ṣe dá ẹni tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lẹ́bi. Nítorí náà, ohun tí àwa dábàá fún ẹgbẹ́ wa nìyí.

Èkíní, kí á má ra ọ̀bẹ tí a kò lè ṣí wò, ìbáà jẹ́ ní ìsọ̀ tàbí ní ilé ìtajà ńlá. Kí á mì í sọ́tùn-ún sósì bóyá oríkèé rẹ̀ dúró. Kí á wo ìṣó rẹ̀ bóyá ó nípọn. Kí á fi aṣọ nínípọn bo ọwọ́, kí á rọra fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti igi, bóyá yóò ká mọ́ wa lọ́wọ́. Kí á fi gé ìko díẹ̀, kí á sì wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó tẹ̀.

Èkejì, kí a má fi ọ̀bẹ kíká lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ mọ́. Fún wọn, kí á bẹ alágbẹ̀dẹ kí ó rọ ọ̀bẹ kúkúrú tí kì í ká, kí ó rì í bọ omi dáadáa kí irin rẹ̀ lè le, kí a sì rán àkọ̀ awọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ tí kò ní oríkèé, oríkèé rẹ̀ kò lè yẹ̀. Kí olùkọ́ máa kà wọ́n bí ó ti ń pín wọn, kí ó sì kà wọ́n nígbà tí ó bá ń kó wọn padà sínú àpótí.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa bá onísọ̀ kan tàbí méjì sọ̀rọ̀, kí a dá iye kan fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kí ìnájà má baà sí, kí wọ́n sì gbà láti pààrọ̀ èyí tí ó bá bàjẹ́ láàárín sáà kan.

Ẹ̀kẹrin, kí a rọ àwọn alágbẹ̀dẹ wa pé kí olúkúlùkù fi àmì tirẹ̀ sí ara irin tí ó bá rọ. Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1624 ni òfin ti gbé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ kalẹ̀, tí olúkúlùkù sì ń fi àmì rẹ̀ hàn lára ọ̀bẹ. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúkọ Sheffield sí ọ̀bẹ tí kò ti ibẹ̀ wá, ìjọba ṣe òfin ní 1887 láti dá irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹni tí ó fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ náà dójú tì í. Bí ọ̀bẹ bá dára, a ó mọ ẹni tí a ó yìn. Bí kò bá dára, a ó mọ ilé tí a ó gbé e padà sí.

Àwa kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ ilé ìtajà ńlá. Ohun tí Ọ̀fà kò bá ní, kí á lọ rà á níbi tí ó wà. Àwa kò sì sọ pé kí á ra ohun burúkú nítorí pé ará ìlú wa ni ó ń tà á. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ ìlú, ìwà òmùgọ̀ ni. Ní ìlú tí a mọ̀ sí ìlú ìjàkadì, kò sí ẹni tí ó ń fi títóbi nìkan mọ ẹni tí yóò dá ẹnì kejì. Kí á jẹ́ kí onísọ̀ kékeré wọ inú agbo, kí á wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá pé jọ láti dìbò, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ìyá ọmọ náà bi wá. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀bẹ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ti di onígbọ̀wọ́ ọ̀bẹ náà. Kí ó ra èyí tí ó mọ ọwọ́ tí ó ti wá, kí ó lè dárúkọ ẹni tí ó tà á láìdojú bolẹ̀.